Orí Karùn-ún: Kí Ló Kọ́kọ́ Tán Lọ́wọ́ Yín Lánàá?

Iye owó kan wà nínú géèmù Stardew Valley tó máa ń da ọkàn àgbẹ̀ tuntun rú: 2,000g. Iye yẹn ni Pierre oníṣọ́ọ̀bù ń ta àpò ẹ̀yìn tó gba ìlọ́po méjì ẹrù tí àpò àkọ́kọ́ ń gbà. Iye yẹn kan náà ni Clint alágbẹ̀dẹ ń gbà, pẹ̀lú ọ̀pá bàbà márùn-ún, kó tó fi bàbà tún irin-iṣẹ́ kan rọ: dígà, àáké, ọkọ́ tàbí agolo ìbomirin. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìkórè rẹ̀ kejì tàbí ìkẹta kò ní owó méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ló máa rà, ìyókù á dúró. Bó bá sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ń gbá géèmù náà tipẹ́, ẹnìkan á ní dígà ni kó kọ́kọ́ gbé ga, ẹlòmíràn á ní àpò ni, ẹ̀kẹta á ní gbogbo owó yẹn ni kó fi ra irúgbìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè jẹ̀bi, torí pé wọn ò tíì mọ bí ọjọ́ ẹni tó ń bi wọ́n ṣe ń lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í padà ni èyí tí mo fi ṣe àkọlé orí yìí, òun náà ni mo sì fẹ́ fi gbogbo orí yìí gbè lẹ́yìn: ìgbéga tó yẹ kéèyàn rà ni èyí tó bá tú ohun tó kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí kò gbá géèmù yìí rí gbọ́dọ̀ mọ díẹ̀ nípa oko náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá a ṣe, tàwòrán-tàwòrán, torin-torin. Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, géèmù náà sì jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2016. Harvest Moon, géèmù oko tí Yasuhiro Wada ṣe ní Japan ní 1996, ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Stardew Valley ti tà ju mílíọ̀nù 30 lọ káàkiri ayé. Ẹni tó ń gbá a jogún oko bàbá àgbà rẹ̀ tó ti di igbó, 500g sì ni owó ọwọ́ rẹ̀; lẹ́tà g yẹn ni àmì owó ìlú náà. Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún, ọjọ́ 28 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́. Bí aago méjì òru bá lù tí àgbẹ̀ kò tíì dórí ibùsùn, ibi tó wà ni yóò dákú sí. Gbogbo ọjọ́ yẹn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tiwa lọ. Agbára ara rẹ̀ jẹ́ 270. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọkọ́ sílẹ̀, tó bá da omi lẹ́ẹ̀kan, tó bá fi àáké gé igi lẹ́ẹ̀kan, 2 ló ń yọ níbẹ̀, àmọ́ bí ìrírí rẹ̀ ṣe ń ga sí i ni iye yẹn ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ oko náà pín sí ojú onígun mẹ́rin kéékèèké, irúgbìn kan fún ojú kan. Ebè ni n ó máa pè é. Kò sí àáró níbẹ̀, kò sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tó lóko ló ń dá a ro.

Inú ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn mi. Ní 1828, Carl Sprengel, onímọ̀ ọ̀gbìn ọmọ Jámánì, kọ ọ́ pé oúnjẹ tó bá wọ́n jù nínú ilẹ̀ ló ń sọ bí irúgbìn yóò ṣe dàgbà tó. Justus von Liebig, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti 1840, débi pé orúkọ Liebig ni òfin yẹn ń jẹ́ títí dòní, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì gbọ́ orúkọ Sprengel rí. (Ẹni tó lu ìlù kọ́ ni wọ́n máa ń rántí, ẹni tó jó o ni.) Ìtumọ̀ òfin náà kò le. Bí ilẹ̀ bá kún fún potassium àti phosphorus, ṣùgbọ́n tí nitrogen inú rẹ̀ kò tó, ewé àgbàdo tó wà lórí rẹ̀ á máa pọ́n, á sì máa ràn. Àpò potassium mẹ́wàá tí ẹ bá tún lọ dà síbẹ̀ kò ní fi hóró kan kún ìkórè. Àgbá onípákó ni àwọn olùkọ́ fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: pákó tó kúrú jù lára àgbá ló ń pinnu ibi tí omi lè dé. Àgbẹ̀ inú géèmù náà ní pákó mẹ́rin lára àgbá tirẹ̀: owó, agbára, àkókò, àti àyè inú àpò. Ìgbéga èyíkéyìí tó bá rà, pákó kan ló fi kún. Bó bá jẹ́ pákó kúkurú ni, gbogbo oko ló jèrè. Bí kò bá jẹ́ òun, owó ti lọ, omi ò sì kúrò níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò, torí pé adùn irú géèmù báyìí ni pé iye ohun gbogbo wà lójútáyé. Ní ìgbà ìrúwé, irúgbìn parsnip, gbòǹgbò kan tó dà bíi káróòtì funfun, jẹ́ 20g. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbó, 35g ni wọ́n ń rà á. Irúgbìn cauliflower jẹ́ 80g, ọjọ́ 12 ló fi ń gbó, 175g ni wọ́n ń rà á. Ká ní 80g péré ló wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa. Bó bá fi ra cauliflower kan, lẹ́yìn ọjọ́ 12 ó ní 175g. Bó bá fi ra parsnip mẹ́rin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin wọ́n di 140g. Ìyẹn ra méje. Méje di 245g. Ìyẹn ra 12, ó ku 5g. 12 di 420g. Lọ́jọ́ kan náà tí cauliflower kan yẹn gbó, 425g ló wà lọ́wọ́ ẹni tó gbin parsnip. Ẹni tó bá dúró síbi tí ìṣirò yìí dé á ti búra pé ẹjọ́ ti tán. Àmọ́ ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n bomi rin ín. Cauliflower kan gba omi lẹ́ẹ̀mejìlá. Parsnip mẹ́rin, méje àti 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba omi lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́ ìgbà 92 lápapọ̀. Èrè parsnip jẹ́ 345g: bí a bá pín in sórí ìgbà 92, kò pé 4g fún omi kan tí a dà. Èrè cauliflower jẹ́ 95g: bí a bá pín in sórí ìgbà 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 8g. Bí owó ló wọ́n lọ́wọ́ àgbẹ̀, parsnip fi cauliflower sílẹ̀ jìnnà. Bí agbára ló wọ́n, cauliflower ló ń mówó wá ní ìlọ́po méjì. Irúgbìn ò yí padà, ọjà ò yí padà, ilẹ̀ ò yí padà. Ohun tó wọ́n ló yí padà, ó sì dorí ìdíje kodò pátápátá.

Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí owó tó yéé jẹ́ ohun tó wọ́n jù? Kò pẹ́ rárá. Ká fi irúgbìn tí baálẹ̀ ìlú náà fi ta àlejò lọ́rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká sì tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí gbogbo owó máa wọlẹ̀. 500g ra irúgbìn parsnip 25 lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n di 875g, ó ra 43, ó ku 15g. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó di 1,520g, ó ra 76. Lọ́jọ́ kẹtàlá ó di 2,660g, ó ra 133. Owó ti di ìlọ́po márùn-ún láàárín ọjọ́ méjìlá. Ṣùgbọ́n ta ló máa bomi rin ebè 133? Ìrírí tí àgbẹ̀ ti kó jọ lórí ìkórè mẹ́ta yẹn á ti gbé e dé ìpele kẹta, nítorí náà omi kan tó bá dà kò ní gba 2 mọ́, 1.7 ni. 133 ní ọ̀nà 1.7 jẹ́ 226. Nínú agbára 270, 44 ló kù, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ ọkọ́ tó fi máa ṣí ilẹ̀ tuntun. Ọ̀sán ti pọ́n, ara ti ń wárìrì, kò sì lè wọ inú ihò ìwakùsà lọ wá bàbà kankan lọ́jọ́ náà. Bí ẹnìkan bá fún un ní 10,000g lójijì, kò sí ebè kan tó lè fi kún un. Pákó kúkurú ti kúrò lára owó, ó ti bọ́ sára agbára, àgbẹ̀ tí kò mọ̀ sì ń ra irúgbìn lọ.

Ẹni tó dábàá irúgbìn lè dá mi lóhùn pé owó ló ń bí owó, pé ẹni tó bá yọ 2,000g kúrò lórí ilẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì ti pa ọmọ tí 2,000g yẹn ìbá bí. Òótọ́ ni fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì gbà á fún un tọkàntọkàn: ẹni tó lọ ra àpò ńlá nígbà tí ebè rẹ̀ kò ju 30 lọ ti fi ebi pa oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbí yẹn ní ibi tó ń dé dúró. Irúgbìn tí a kò bomi rin nínú géèmù yìí kì í kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kò sí lára ọjọ́ orí rẹ̀. Owó tó wà lórí rẹ̀ ń sùn ni. Owó tó ń sùn kì í bímọ.

Kí àgbẹ̀ tó náwó lé agbára lórí, àmọ́ṣá, kó kọ́kọ́ wo ohun tó lè tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 18 ìgbà ìrúwé, igbó etí ọ̀nà máa ń so èso pupa kan tí wọ́n ń pè ní salmonberry. Ọ̀kan péré ń dá agbára 25 padà sára ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ kan ká 40 jọ ti ní agbára tó ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú àpótí, kò sì ná kọ́bọ̀. Ìlànà tó wà lábẹ́ èyí ṣe pàtàkì ju èso náà lọ: ohun tó kọ́kọ́ ń tán lè jẹ́ ohun tí a ń fi ṣòfò. Ẹni tó ń fi àárọ̀ gé koríko ibi tí kò ní gbin nǹkan kan sí, tó wá ń ké pé agbára ò tó, ìgbéga kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 2,000g àkọ́kọ́. Àpò àkọ́kọ́ ní àyè 12. Dígà, àáké, ọkọ́, agolo ìbomirin àti dòjé ti gba márùn-ún. Ìwọ̀ ẹja àti idà gba méjì. Márùn-ún ló kù fún gbogbo ohun tí ayé bá fi pàdé ẹni: òkúta, kùsà bàbà, èédú, òkúta iyebíye, ẹran ara àwọn ẹ̀dá inú ihò. Àpò Pierre sọ 12 di 24, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì tóbi gan-an. Dígà oníbàbà ní tirẹ̀ ń dín iye ìgbà tí a ó fi lu òkúta kù, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára kan náà á gbé àgbẹ̀ lọ jìnnà sí i nínú ihò. Èwo ni ká rà? Ẹ wo ohun tó mú yín jáde nínú ihò lánàá. Bó bá jẹ́ pé ara ló rẹ̀ yín, tí àyè ṣì wà nínú àpò, dígà ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ju nǹkan nù kí ẹ lè mú òmíràn, àpò ni. Síbẹ̀, ibi tí mo dúró sí ni pé ti dígà ló ṣáájú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé ìṣòro àpò ní oògùn olówó pọ́ọ́kú: igi 50 tó láti kan àpótí kan, àpótí náà sì ṣe é gbé sí ẹnu ihò ìwakùsà. Ẹni tó fi ọkọ́, agolo àti dòjé sínú rẹ̀ kó tó wọlé ti gba àyè mẹ́ta láìná 2,000g. Àfi salmonberry ọjọ́ mẹ́rin yẹn, dígà ò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì tún wà, òun ló sì wúwo jù. Ohun tí dígà ń mú wá ni gbogbo ìgbéga yòókù ń jẹ. Kùsà bàbà márùn-ún pẹ̀lú èédú kan ló ń di ọ̀pá bàbà kan nínú ìléru; ọ̀pá márùn-ún tí Clint ń béèrè jẹ́ kùsà 25. Bàbà wà nínú ìpele 39 àkọ́kọ́ ihò náà, irin bẹ̀rẹ̀ láti 40, wúrà láti 80. Ìgbéga onírin jẹ́ 5,000g, ti wúrà 10,000g, ti iridium 25,000g, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ló sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn. Ẹni tó gbé dígà ga ti gbé iyara gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ga.

Ọ̀rọ̀ agolo ìbomirin ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe olówó ńlá pọ̀ sí. Agolo oníbàbà ń rin ebè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ti irin márùn-ún, ti wúrà mẹ́sàn-án, ti iridium 18. Ó dùn ún gbọ́ létí. Lọ́jọ́ kẹtàlá tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, tí ìbomirin gba 226 nínú 270, agolo oníbàbà jẹ́ àánú gidi, torí pé agbára tó ń ná lórí ebè mẹ́ta kò tó ohun tí dídà ẹ̀ẹ̀mẹta ń ná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ afọ́nmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ìpele kẹfà ìrírí oko, àgbẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tó ń rin ebè mẹ́jọ tó yí i ká láràárọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án: ọ̀pá irin kan, ọ̀pá wúrà kan, àti quartz tí a ti yọ́ kan. Ẹ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìgbéga agolo sí ti wúrà gba ọ̀pá wúrà márùn-ún pẹ̀lú 10,000g. Ọ̀pá wúrà márùn-ún kan náà, pẹ̀lú ọ̀pá irin márùn-ún àti quartz márùn-ún, ń di ẹ̀rọ afọ́nmi márùn-ún, tó ń rin ebè 40 lójoojúmọ́ láìgba agbára kankan, láìgba ìṣẹ́jú kan. Agolo wúrà ń mú iṣẹ́ yá. Ẹ̀rọ afọ́nmi ń pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ẹni tó ra agolo wúrà kó tó ṣe ẹ̀rọ afọ́nmi ti san 10,000g lé e kó lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin oko.

Gene Amdahl tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ IBM sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ẹ̀rọ ní 1967: bí apá kan iṣẹ́ bá ń gba ìdá mẹ́wàá àkókò, bí ẹ tilẹ̀ mú apá yẹn yára bíi mànàmáná, ìdá mẹ́wàá yẹn náà ni gbogbo ohun tí ẹ lè rí gbà padà. Ọkọ́ ni àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú géèmù yìí. Láti orí ọkọ́ lásán dé ti iridium, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 42,000g àti ọ̀pá 20. Ìgbà wo la sì ń lo ọkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí a bá fẹ́ fi ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú 28 ló ń kọjá tí ọkọ́ kò kúrò nínú àpótí. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti gbé e ga lọ́dún àkọ́kọ́, àfi ẹni tó kàn fẹ́ràn kó máa dán.

Ti ilé adìyẹ tún ń tan èèyàn jẹ. Kíkọ́ rẹ̀ jẹ́ 4,000g, igi 300 àti òkúta 100. Adìyẹ kan jẹ́ 800g. Ẹyin kan jẹ́ 50g. Bí adìyẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ 96 ló máa gbà kí 4,800g tó padà wálé, ọdún géèmù náà kò sì ju ọjọ́ 112 lọ. Bí adìyẹ mẹ́rin bá kún un, 7,200g padà ní ọjọ́ 36. Ẹ̀rọ kékeré kan wà, tó gba igi 15, òkúta 15, òkúta iyebíye kan àti ọ̀pá bàbà kan, tó ń sọ ẹyin 50g di mayonnaise 190g; tòun tirẹ̀, adìyẹ mẹ́rin yẹn ń pa 760g lójúmọ́, owó sì padà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dàgbà. Ẹ ò rí i pé ilé olówó ńlá kọ́ ló ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ẹ̀rọ tí kò ju ọ̀pá bàbà kan lọ ni, dígà ló sì mú bàbà náà wá. Àmọ́ adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀: fífún wọn lóúnjẹ, fífọwọ́ pa wọ́n lórí, kíkó ẹyin sẹ́nu ẹ̀rọ, àkókò ni gbogbo rẹ̀ ń gbà láràárọ̀. Ẹni tí agbára wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ́ ilé adìyẹ, torí adìyẹ kì í gba agbára tó ọ̀gbìn. Ẹni tí àkókò ti wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi ẹrù kún ẹrù.

Àwọn ìgbéga kan wà tí kò mú ohunkóhun yára. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí. Àáké oníbàbà ló ń gé kùkùté ńlá tí igi líle wà nínú rẹ̀, àáké onírin ló ń gé ìtì igi tó dí ọ̀nà igbó ìkọ̀kọ̀, níbi tí kùkùté mẹ́fà ti ń hù padà lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń fúnni ní igi líle 12. Ẹni tó bá ń wá ẹṣin, kó mọ̀ pé ilé ẹṣin jẹ́ 10,000g, igi líle 100 àti ọ̀pá irin márùn-ún. Igi líle 100 jẹ́ ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́sàn-án sí igbó yẹn. Àáké onírin ló ṣí igbó náà. Irin ló ṣe àáké. Dígà ló gbẹ́ irin. Ẹ̀yìn ni irú ètò báyìí ti ń wá síwájú: ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ wá máa ka ìgbésẹ̀ padà títí ẹ ó fi kan ohun tí ẹ lè ṣe lónìí. Ẹṣin á sì wúlò lóòótọ́ nígbà tí àkókò bá di pákó kúkurú, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ afọ́nmi ti gba ìbomirin lọ́wọ́ yín, tó jẹ́ ìrìn láti oko sí ìlú sí ihò ló kù tó ń jẹ ọjọ́. Ṣáájú ìyẹn, ẹṣin jẹ́ afẹ́. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì.

Ohun tó mú kí àwọn ètò onípele tí àwọn ògbólógbòó máa ń tò sílẹ̀ fún ọmọ tuntun ṣìnà nìyẹn. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹni tó tò ó fẹ́ràn ẹja pípa, 500g rẹ̀ àkọ́kọ́ ti di 5,000g létí òkun, kò sì mọ bí ara ẹni tó ń bomi rin ebè 80 ṣe ń rí. Orí ìlà kẹta ètò rẹ̀ lè bọ́ sí ọjọ́ tí ohun tó wọ́n lọ́wọ́ yín jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá.

Ẹlòmíràn á ní kí ni gbogbo ìṣirò yìí, ṣebí eré ni, ẹni tó fẹ́ gbin òdòdó kó gbin òdòdó. Mo fara mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ. Herbert Simon, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ní 1978, fi hàn pé èèyàn kì í wá èyí tó dára jù nínú ohun gbogbo. Èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ń wá, tó bá ti rí i á dúró, ọgbọ́n sì ni, torí pé wíwá pàápàá ń náni ní nǹkan. Ìbéèrè tí mo ń gbè lẹ́yìn yìí rọ̀ mọ́ ọgbọ́n yẹn. Kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣírò ohun gbogbo bí mo ti ṣe níbí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń béèrè lálẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbin òdòdó náà á gbin púpọ̀ sí i bí kò bá rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó ní oko gidi kì í fi nǹkan hàn báyìí. Àgbẹ̀ gidi kò ní òpó agbára tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, iye ọjà ń yí padà, òjò kì í sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wíwá ohun tó kọ́kọ́ ń tán fi gba àkókò tó pọ̀ lóko gidi. Ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert pín oko àlìkámà kan, Broadbalk, sí abala-abala láti 1843, wọ́n ń fún abala kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tó yàtọ̀ láti mọ èyí tó wọ́n jù. Wọ́n ṣì ń gbin oko náà títí dòní. Géèmù kan jẹ́ kí a fi ìrọ̀lẹ́ kan rí ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ọjọ́, torí pé ìgbéga tún ní iye tí kò sí lójú pátákó: ọjọ́ méjì ni irin-iṣẹ́ ń lò lọ́dọ̀ Clint. Agolo tó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kò lè bomi rin nǹkan kan. Ẹ máa wo ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀. Bó bá ní òjò máa rọ̀ lọ́la, ẹ bomi rin oko lónìí, kí ẹ sì gbé agolo lọ. Òjò á ṣiṣẹ́ ọ̀la, ẹ ó gbà á padà lọ́tùn-únla. Ọjọ́ 27 ìgbà kọ̀ọ̀kan náà dára: ẹ bomi rin ohun tó máa gbó lọ́jọ́ 28, kí ẹ gbé agolo lọ, torí pé omi ọjọ́ 28 kò wúlò fún ohun tí ìgbà tuntun máa pa lóru ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kìíní ìgbà tuntun, agolo ti wà nílẹ̀ fún yín lọ́dọ̀ Clint. Ní ìgbà òtútù, tí ìta oko kò gba irúgbìn ọjà kankan, ọjọ́ kan ò yàtọ̀ sí èkejì fún agolo àti ọkọ́.

Kí ẹ tó tún gbé 2,000g wọ ìlú, ẹ mú bébà kan. Fún ọjọ́ méje inú géèmù, bí ẹ bá ti ń dórí ibùsùn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i: owó, agbára, àkókò tàbí àpò, èyí tó bá kọ́kọ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó bá fara hàn jù níbẹ̀ ni kí ẹ lọ náwó fún, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ bébà mìíràn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.